Ojú Tí Mo Yá Màmá Zogbeli

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Tamale, ní àríwá Ghana, ni ojú ọ̀run. Ní Ṣakí tí mo ti wá, àpáta ló yí wa ká; ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, òkè kan á máa wò ó. Ṣùgbọ́n ní Tamale, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀run sì sọ̀kalẹ̀ wá kanlẹ̀ ní gbogbo ìkángun, kò sí ohun tó gbé e dúró. Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, mo jáde sí àgbàlá, mo gbójú sókè. Ó ṣe mí bí ẹni pé bí mi ò bá di nǹkan mú, mo lè já bọ́ sínú rẹ̀. Fóònù mi ni mo dì mú.

Obìnrin oníṣòwò kan tí à ń pè ní Àńtí Sàfú ló ránṣẹ́ sí ìyá mi pé àwọn ń wá ọmọbìnrin tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí yóò máa bá àwọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Tishigu, tí yóò sì máa bá ìyá àwọn sọ̀rọ̀ nílé ní Zogbeli. Tamale ni wọ́n bí Àńtí Sàfú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá wọn sí. Bàbá ìyá yìí ló kó ẹrù òwò kúrò ní Ṣakí láyé àwọn òyìnbó, tí kò padà mọ́. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ojú wọn ti lọ. Awọ funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì bí ìgbà tí ọ̀rá bá dì sójú ọbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí Màmá bá fi Yorùbá pè wọ́n, Hausa tàbí Dagbani, èdè ìlú náà, ni àwọn ọmọ náà fi ń dáhùn.

"Ojú ti lọ," Àńtí Sàfú wí fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. "Màmá ní bí èdè náà bá tún lọ lẹ́nu àwọn, kí ló kù? Máa bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tìẹ gan-an nìyẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ìwọ la jọ máa ṣe é."

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ò le. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn obìnrin orí mótò. Obìnrin á fi ìbòrí bora dé àyà, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù níwájú, á gun mótò fúnra rẹ̀, á fò kọjá bí ẹyẹ. Mo ya fídíò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mò ń retí ohun tí wọ́n máa sọ sí i. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, àwọn obìnrin náà ti lọ tipẹ́.

Bí mo ṣe ń gbé nìyẹn. Ara mi wà ní Tamale, inú fóònù ni mo kọ́lé sí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí tó ń wá a kiri. Mo mọ ohun tí àwọn tí a jọ lọ síléèwé jẹ láàárọ̀. Mo mọ ẹni tó ń bá ẹni jà nínú gúrúùpù àdúgbò wa. Bí òjò bá ṣú ní Ṣakí, mo máa ń mọ̀ kí àwọn tó wà nínú yàrá níbẹ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí mò ń ra kóòsé, ìyẹn àkàrà tiwọn, lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Zogbeli, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. "Dàsíbá!" ló máa ń sọ bó bá rí mi, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀ nìyẹn. Èmi á nawọ́, á di kóòsé sí i, ojú mi á wà lórí fóònù.

Ìyá mi máa ń pè mí ní fídíò lálaalẹ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, mà."

Wọ́n á wá máa wò mí, èmi náà á máa wo igun kékeré tí àwòrán ara mi wà. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ tán, àárò ilé á tún sọ mí ju bó ṣe sọ mí kí wọ́n tó pè lọ, èmi á sì padà sórí fóònù lọ wá ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀.

Màmá máa ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú àgbàlá. Lẹ́yìn ìrun alásárì, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí a jọ jókòó, wọ́n bi mí pé, "Kí lo rí lónìí?"

"Níbo, Màmá?"

"Lọ́nà. Láti ibí dé Tishigu."

Mo ronú títí. Mo ti rin ọ̀nà yẹn lọ, mo ti rìn ín bọ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Àwọn mótò. Àwọn èèyàn."

"Àwọn èèyàn wo?"

Mo bojú wo fóònù. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Tó," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá tán. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìbéèrè yẹn náà ni.

Mo wá ronú kan ọgbọ́n. Mo tẹ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Ṣakí fún wọn: ìyàwó tí wọ́n gbé ní òpópónà wa, ọkọ̀ tó ṣubú lójú ọ̀nà, ọmọ olówó kan tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Màmá fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán.

"Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò débẹ̀ rí, ọmọ mi. Ibí ni mo ti sọ ojú mi nù. Ti ibí ni mò ń bèèrè."

Inú ọyẹ́ ni ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ṣẹlẹ̀. Iná lọ, kò sì padà mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Dúmsọ̀ ni wọ́n ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ghana. Fóònù mi kú pátápátá. Mo fi sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo jáde bí ẹni tí kò wọ bàtà. Mi ò tíì rìn dé ojú títì tí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sínú àpò. Itan mi ń gbọ̀n bí ẹni pé fóònù ń dún níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpò ṣófo. Ojú ń tì mí, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin oníkóòsé, kò sí ibòmíràn tí mo lè gbójú sí, mo bá wò ó. Ó wò mí. "Dàsíbá," ló wí. Mo ti ń gbọ́ bí àwọn tó kù ṣe ń dá a lóhùn, mo ní, "Náà." Ẹnu yà á. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lákọ̀tun, ìkíni lórí ìkíni, ó ń bèèrè ara, ó ń bèèrè oorun, ó ń bèèrè ilé. Mi ò gbọ́ ju ìlàjì lọ. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tọ́ mi sọ́nà: "Sọ pé àlàáfíẹ̀."

Àlàáfíẹ̀! Orí mi wú. Àlàáfíà wa náà ni! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ilé wa kí ara wọn lójú mi, etí mi ò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. "Àlàáfíẹ̀," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu àyà, ó ní orúkọ òun ni Àsárà.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lójú títì Tishigu, mo rí ọkùnrin kan lẹ́yìn mótò tó gbá dígí gígùn kan mọ́ra, irú èyí tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọ̀run wà nínú dígí náà. Mótò ń yà sọ́tùn-ún yà sósì láàárín ọkọ̀, ọ̀run sì ń yà pẹ̀lú rẹ̀. Àsá kan rá bàbà níbẹ̀, ṣóńṣó mọ́sáláṣí wọlé, ó tún jáde. Gbogbo àwa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yí ọrùn tẹ̀ lé e títí tó fi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, Màmá ò tíì bèèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ti dígí yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ọkùnrin náà di ojú ni àbí ó là á? Apá ibo ni oòrùn wà? Àsá yẹn, ṣé ìyẹ́ rẹ̀ là nídìí? Mi ò mọ ti ìyẹ́. "Ọ̀la," ni Màmá wí, "wo ìdí rẹ̀ dáadáa."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sílẹ̀ nílé nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ nù o. Ta ló máa sọ ọ́ nù, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀? Mo kàn ń pa á, mo ń tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo ń mú un jáde nígbà tí mo bá ti bá Màmá sọ̀rọ̀ tán. Kò rọrùn. Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ pé, "O ti dé ìlú òkèèrè, o ti gbàgbé wa." Ọ̀sẹ̀ tó bímọ, mo gbé fóònù padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró láàárín aṣọ, mò ń wo ìkómọ náà: ìyá mi ń gbé ọmọ lọ gbé e bọ̀, àwòrán ń dúró, ó ń gé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí mi ò gbọ́. Ẹnì kan gbé fóònù náà sílẹ̀ sórí àga, òrùlé ilé wa nìkan ni mò ń wò. Mo wo òrùlé yẹn pẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo rò ó nígbà náà pé ẹni tó ń wo ilé láti ojú fèrèsé kò sí nílé, kò sì sí níbi tó dúró sí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Àńtí Sàfú ti wà níwájú mi. Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi rí: pé àwọn dókítà ti sọ pé awọ ojú Màmá ṣeé yọ, iṣẹ́ tí kì í pẹ́ ni, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Wọ́n ní ta ni àwọn fẹ́ wò? Ọkọ àwọn ti kú, ọ̀rẹ́ àwọn ti kú, ìlú tí àwọn mọ̀ ti di òmíràn. Wọ́n ní Tamale tó wà nínú orí àwọn dùn ju èyí tí a fẹ́ fi hàn wọ́n lọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi ọmọ wọn wà níbí. Ó dùn mí."

Mo padà sídìí Màmá. Mo kàn ń wò, mo ń sọ. Nítorí àtirí ohun tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tó yàtọ̀ délé, nígbà míì mo máa ń yà gba àdúgbò Sakasaka. Ibẹ̀ ni mo ti rí igi irú kan lẹ́yìn ògiri, tí ó tanná. Mo ti jẹ irú láti kékeré, mi ò rí òdòdó rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù pupa rẹ́súrẹ́sú ni, wọ́n so rọ̀ lórí okùn gígùn káàkiri ara igi tí kò ní ewé, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ so wọ́n kọ́. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀.

"Sakasaka?" Màmá ní kíá. "Lẹ́yìn ògiri? Wọ́n ti gé igi yẹn."

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣeré lọ́mọdé. Ojú mi ni wọ́n ṣe gé e, kí ojú yìí tó lọ. Irọ́ lò ń pa."

"Wáláhì, Màmá, mi ò purọ́. Mo fọwọ́ kan án."

Wọ́n yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Odindi ọjọ́ kan, wọn ò bi mí ní ohun tí mo rí.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ooru tí ń mú ilẹ̀ la ẹnu. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Àńtí Sàfú wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ariwo ọjà dédé rẹlẹ̀. Mo bọ́ síta. Ògiri pupa kan ti dìde láti ìlà oòrùn. Erùpẹ̀ ni, ó ga ju ilé lọ, ó ga ju mọ́sáláṣí lọ, ó nà láti ìkángun dé ìkángun, ó sì ń bọ̀ láìdún. Àwọn ẹyẹ ẹtù ń sáré kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa. Àwọn ọlọ́mótò tan iná lọ́sàn-án gangan. Oòrùn di roboto, ó funfun bí òṣùpá, mo lè wò ó láìṣẹ́jú. Bàbá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ fìlà, ó ní, "Náwúnì." Orúkọ Ọlọ́run ni lédè wọn.

Ọwọ́ mi lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú mi nìkan ni mo ní láti fi gbà á, mo bá là á sílẹ̀.

Ó bò wá mọ́lẹ̀. Ayé di pupa, àwọn aṣọ ń fò, àjèjì mẹ́fà méje há mọ́ wa nínú ṣọ́ọ̀bù, à ń di tápólì tó bo ẹnu ọ̀nà mú, à ń wúkọ́, à ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún já lulẹ̀, òórùn ilẹ̀ sì dìde lù wá bí oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ di ọwọ́ mi mú, mo sì di tirẹ̀ mú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàgbé pé àlejò ni mí.

Aṣọ tútù wà lára mi nígbà tí mo jókòó ti Màmá.

"Mo gbọ́ ariwo rẹ̀," wọ́n ní. "Sọ ọ́ fún mi. Pupa bíi kí ni?"

"Bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Ó di òṣùpá, Màmá."

"Bàbá mi gbé mi lé èjìká láti wò ó nígbà kan," wọ́n ní. Omi òjò ń kán láti ara dóńgóyárò. "Igi irú tìẹ yẹn, ṣé ìjì yìí kò wó o?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Màá yà wò ó lọ́la."

"Má yà wò ó." Wọ́n na ọwọ́ wá mi títí wọ́n fi rí apá mi dì mú. "Pe Sàfú wá. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lọ wò ó."

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, ó na ìka sókè, ó ní kí Màmá ka iye tó jẹ́. Àńtí Sàfú tó dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀sì ni Màmá ń wò.

"Sàfú," wọ́n ní, "o ti darúgbó!"

Àńtí Sàfú bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún lágbedeméjì, wọ́n wólẹ̀, wọ́n gbé orí lé ìyá wọn lẹ́sẹ̀. Màmá ń fi ọwọ́ pa wọ́n lórí. Wọ́n wá wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ rèé? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ. Ohùn rẹ ló tàn mí jẹ."

Nínú yẹ́lò-yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wa bọ̀, etí ni Màmá jókòó sí. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n ń yí orí bí ọmọdé. Obìnrin orí mótò kan kọjá, ìbòrí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Màmá ní, "Sùbúhánálláhì." Ewé kan já sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n mú un, wọ́n ní, "Sùbúhánálláhì." Èmi náà ń wo gbogbo ohun tí wọ́n bá wò, wọ́n sì di tuntun lójú mi. Nígbà tí a dé ilé ni ohùn wọn tó le: "Ta ló kun ilé mi ní àwọ̀ yìí?"

Nígbà tí dókítà gbà wọ́n láyè láti jáde, a lọ sí Sakasaka. Igi náà wà níbẹ̀, òjò ti wẹ ewé tuntun rẹ̀. Màmá yí i po, wọ́n fi ọwọ́ pa èèpo rẹ̀, wọ́n gbójú sókè pẹ́.

"Kì í ṣe òun," wọ́n ní. "Tèmi nípọn ju báyìí lọ, etí ògiri lọ́hùn-ún ló sì wà. Òmíràn ni èyí." Wọ́n tún gbójú sókè. "Òdòdó rẹ̀ dà?"

"Ó ti di èso, Màmá."

"Tó. O ò purọ́." Wọ́n fi ẹ̀yìn ti igi náà, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí a tíì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, kí oòrùn tó wọ̀, mo mú fóònù jáde láti pe ìyá mi. Mi ò pè wọ́n ní fídíò. Ohùn nìkan ni mo lò, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí Àsárà ń di ẹrù rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ìyá mi bèèrè.

"Màámi, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

Mo sọ ti Màmá àti báńdéèjì. Mo sọ bí wọ́n ṣe sọ fún ọmọ wọn pé ó ti darúgbó, ìyá mi kígbe ẹ̀rín. Mo sọ ti ògiri pupa, ti oòrùn tó di òṣùpá, ti ọwọ́ àjèjì tó di tèmi mú. Mo sọ ti ọkùnrin tó gbé ọ̀run sínú dígí lẹ́yìn mótò. Mo sọ pé àlàáfíà wa ni wọ́n fi ń kí ara wọn níbí. Ohùn wọn wá dákẹ́. Mo rò pé iná fóònù ti lọ.

"Màámi? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀." Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó dáadáa. "Láti ọjọ́ tí o ti kúrò nílé, tí mo bá gbàdúrà fún ẹ, mi ò mọ ibi tí mò ń darí rẹ̀ sí. Òní ni mo tó mọ ibi tí o wà. Máa sọ ọ́ lọ, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."